Lẹ́tà tí Mo Fọwọ́ Sí: Ọ̀rọ̀ Oníduru Ìjọ Wa ní Àjàṣẹ́

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2024. Àwa méje la wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, àwa méjèèje la sì fọwọ́ sí i. Èmi ni mo ṣe ìkẹta. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ. Ó ní kí ọmọ náà má fọwọ́ kan duru ìjọ mọ́, kí ó má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kí ó má sì jókòó láàárín àwọn akọrin títí ẹ̀mí àìmọ́ tó wà lára rẹ̀ yóò fi jáde. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí lẹ́tà yẹn àti ohun tó tẹ̀lé e, nítorí pé mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ìjọ, láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, lọ dé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin níbí.

Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Oníduru. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà nípa rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tọ ipasẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ka ohun tí mo kọ yìí, ó ní kí n gbé e síta. N kò ní dárúkọ ìjọ wa, n kò sì ní dárúkọ pásítọ̀ wa, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo ń rò. Tèmi ni mo ń rò.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá sí kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ará Kétu ni ìyá náà. Gàrí ló ń tà ní ọjà Wàńdò nígbà yẹn, kí ọkọ rẹ̀ tó kú, kí ó tó padà sílé. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní Sáàmù 139. Títí di òní mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní "tẹ̀rùtẹ̀rù àti tìyanutìyanu ni a dá mi". Bí orin ló ṣe máa ń pè é, tí orí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti ń tẹ duru. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó máa ń mọ̀ bó bá jẹ́ òun ló jókòó sídìí duru, nítorí ó ní bó ṣe máa ń dúró díẹ̀ kí ẹsẹ tó kẹ́yìn orin tó wọlé, bí ìgbà tí èèyàn bá mí kanlẹ̀.

Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ká a mọ́ ibi kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá pásítọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lóun nìkan, lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí, kì í ṣe obìnrin. Ó ní òun kò yàn án, òun ti gbààwẹ̀, òun ti sunkún, kò lọ. Pásítọ̀ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kúrò láàárín àwọn méjèèjì.

Ìlérí náà kò pé oṣù mẹ́ta. Alàgbà kan nínú ìjọ fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún Oníduru. Ọmọ rere ni ọmọbìnrin náà, àwọn ìdílé méjèèjì mọ ara wọn, gbogbo wa la sì ti ń fi ọkàn ra aṣọ. Oníduru kọ̀. Kò sọ ìdí, ó kàn ń sọ pé òun kò lè ṣe é ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Màmá, bí mo bá gbà, èmi á ní ibi ìsápamọ́sí, ṣùgbọ́n òun á máa sùn ti ẹni tí kò sí nílé." Alàgbà náà bínú pé ó fi ọmọ òun wọ́lẹ̀. Pásítọ̀, tó rò pé òun ń gbèjà ọmọ náà, ló bá la àṣírí tú fún ìgbìmọ̀.

Ẹ rántí bí àsìkò náà ṣe rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Róòmù gbé ìwé jáde pé àlùfáà Kátólíìkì lè súre fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń gbé pọ̀, láìsọ ọ́ di ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà fèsì nínú lẹ́tà tí Kádínà Fridolin Ambongo ti Kinshasa fọwọ́ sí, pé irú ìsúre bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé ní Áfíríkà. A kì í ṣe Kátólíìkì, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọn kò ti sọ ọ́, kò sí orí zẹmijan, ọ̀kadà akérò wa, tí wọn kò ti jiyàn lé e. Nígbà tí pásítọ̀ wa la ẹnu, etí wa ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan pe ọmọ náà ní orúkọ ẹlẹ́gbin kan tí n kò ní kọ síbí. Ẹlòmíràn ní ìjọba yóò kó gbogbo wa bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ìjọ.

Irọ́ ni ti ìjọba yẹn, ó sì dùn mí pé n kò mọ̀ nígbà náà. Òfin ilẹ̀ Benin kò ní kí wọ́n fi àgbàlagbà méjì sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn ara wọn. Nàìjíríà ló ní òfin bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó náà, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìgólò, níbi ẹnubodè Nàìjíríà, kò jìnnà sí wa. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Ìdíìrókò láàárọ̀ ti dé Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Báyìí ni òfin ẹlòmíràn ṣe di òfin tiwa lẹ́nu wa.

Àjàṣẹ́ sì nìyí, ìlú àdúrà ni. Níbí ni Oshoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947. Níbí, bí nǹkan bá ti rújú, orúnkún là ń kúnlẹ̀ lé. Ìgbìmọ̀ ní kí á ṣe ìsọ́ òru mẹ́ta fún Oníduru kí ẹ̀mí náà lè jáde. Mo wà níbẹ̀ ní òru kejì. Ọkùnrin mẹ́rin di orí rẹ̀ mú, wọ́n da òróró sí i, wọ́n ń pariwo lé e létí láti aago mọ́kànlá títí àkùkọ fi kọ. Kò bá wọn jà. Kò ké. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí gbogbo wa ń wá bàtà wa, ó dìde, ó lọ mú ìgbálẹ̀ àti àkísà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó nu òróró tó ta sílẹ̀, ó sì gbá ibi tí wọ́n ti kúnlẹ̀ lé e lórí, nítorí pé òun ló máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo rí i. Mo wá bàtà mi, mo lọ sílé.

Lẹ́yìn òru kẹta, pásítọ̀ bi í níwájú gbogbo wa pé, "Ṣé ó ti lọ?"

Ó ní, "Rárá, bàbá. N kò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run."

Bí ó bá ti ní "bẹ́ẹ̀ ni" ni, ìdí duru ni ì bá wà lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Nítorí tó sọ òtítọ́ la ṣe kọ lẹ́tà.

Ó fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kétu. N kò pè é. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ń dúró de iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde, ní oṣù Kẹrin, ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó wọ ọkọ̀ láti Kétu gba Pọ́bẹ̀ àti Ìsàkété, eruku pupa ṣì wà ní ìṣẹ́po ìró rẹ̀. Kò jókòó. Ó yọ lẹ́tà náà nínú kókó aṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi, ó fi ìka tọ́ orúkọ mi.

"Màmá Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní Bíbélì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ wo ni ẹ kò kọ́ ọ nígbà náà, tí ẹ wá rántí báyìí?"

N kò rí èsì fún un. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó sì sọ ohun tó gbé e wá gan-an. Ó ní ọmọ náà ti ń pín ẹrù rẹ̀. Ó ti fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ó ti fún aládùúgbò ní aago ọwọ́. Duru kékeré oníná tó fi owó ara rẹ̀ rà, ó ti fi ìró ìyá rẹ̀ dì í, ó ní kí wọ́n gbé e fún Màmá Olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ fún lílò ìjọ. Èèyàn tó bá ti tọ́ ọmọ mọ ohun tí pípín ẹrù báyẹn túmọ̀ sí. Ìyá náà wá fi ọwọ́ lu ikùn ara rẹ̀, ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Igi gbígbẹ ni mo bí. Mo sì sọ ọ́ sí i létí, Màmá. Mo sọ ọ́ sí i létí."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a jọ wọkọ̀ padà sí Kétu. Òru mẹ́fà ni mo sùn níbẹ̀, mo tẹ́ ẹní mi sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo bá a wá nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé: ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, àdúrà kò sọ pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo tó bí ìyá rẹ̀. Ó yára fà mí dìde, ó ń sọ pé "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀", gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Mo sọ fún un pé n kò mọ ohun tí Bíbélì sọ. Mo mọ ohun tí mo ti gbọ́ pé ó sọ. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé Bíbélì sọnù ni? Ẹ jẹ́ kí á kà á."

A kà á. Lálaalẹ́, lórí ẹní, lábẹ́ iná tó ń kú tó ń jí. Bíbélì Yorùbá ni ìyá fi ń kà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìka rẹ̀, nítorí inú Bíbélì àti ìwé orin ló ti kọ́ ìwé kíkà. Èmi mú Louis Segond tèmi dání, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1910 tí gbogbo wa ń lò ní èdè Faransé. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, mo máa ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, tó gbọ́ Gíríìkì.

Sódómù la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ yẹn ni wọ́n ń pariwo ní òru ìsọ́. Gẹ́nẹ́sísì 19: gbogbo ọkùnrin ìlú yí ilé Lọ́ọ̀tì ká, wọ́n fẹ́ fi tipátipá bá àwọn àlejò sùn. Ìyá ní, "Ìwà ọ̀daràn nìyẹn. Kí ló kan ọmọ mi?" A ṣí Àwọn Onídàájọ́ 19, níbi tí àwọn ará Gíbíà ti ṣe irú rẹ̀, tí wọ́n fi obìnrin kan wọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ tó sì kú. Kò sí ẹni tó ti ìtàn yẹn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọkùnrin fẹ́ràn obìnrin. A wá dé Ìsíkíẹ́lì 16:49, tí wòlíì fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù: ìgbéraga, àjẹyó, ìrọ̀rùn, àìran tálákà lọ́wọ́. Mo ti ń kọ́ni ní Bíbélì fún ọgbọ̀n ọdún. N kò ka ẹsẹ yẹn fún kíláàsì kankan rí.

Léfítíkù 18:22 àti 20:13, n kò pẹ́ níbẹ̀. Ìwé yẹn kan náà ló ka ohun gbogbo inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́ sí ìríra, àwa tí a sì ń gbé etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, edé àti alákàn wà nínú ìkòkò wa lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí lẹ́tà.

Róòmù orí kìíní le. N kò ní díbọ́n pé kò le. Pásítọ̀ wa dúró lé e lórí gírígírí, n kò sì ka ìyẹn sí àìnífẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀, wọ́n mọ Ọlọ́run, wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ bọ ère, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà níwájú mi kò kọ Ọlọ́run sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọlọ́run gan-an ló ń sá tọ̀ nígbà tí a ti ilẹ̀kùn. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró níbi tí a máa ń dá a dúró. Ìlà tó tẹ̀lé e, Róòmù 2:1, ẹni tó ń dájọ́ ló dojú kọ, ó ní aláìríwí ni. Ẹ wo àwọn méje tó fọwọ́ sí ìwé.

1 Kọ́ríńtì 6:9 ló gba àkókò wa jù. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ ti jáde láti 1884, ní "àwọn tí ń fi ọkùnrin ba ara wọn jẹ́". Segond pè wọ́n ní "infâmes", ẹni àbùkù. Ìgbà tó di 1946 ni Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì kan kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀ níbẹ̀, tó fi orúkọ tí a ń pe irú Oníduru lónìí dípò wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé fún wa pé ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, "rírọ̀" ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà ni Jésù lò fún aṣọ àwọn ará ààfin nínú Mátíù 11:8. Èkejì, a kò rí i nínú ìwé Gíríìkì kankan tó ṣáájú Pọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn títí di òní lórí irú èèyàn tó ń tọ́ka sí. Oníduru gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé, òun ni ẹ fi lé mi jáde?"

Alẹ́ kẹrin la ka Àìsáyà 56. Èmi ni mo ṣí i, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa ìwẹ̀fà wà níbẹ̀, n kò rántí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò kí á ṣàlàyé ìwẹ̀fà fún òun. A mọ Ọ̀nà-Ẹfà ní ààfin Ọ̀yọ́. A mọ ọkùnrin tí kò ní bímọ, tí ìran rẹ̀ parí sára rẹ̀. Diutarónómì 23:1 sì ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Ìyá ń kà á, ìka rẹ̀ ń lọ lórí ìwé, ẹ̀tù gàrí wà nínú èékánná rẹ̀. Ó dé ẹsẹ kẹta: "kí ìwẹ̀fà má sì ṣe wí pé, wò ó, igi gbígbẹ ni mí."

Ìka náà dúró.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Ó gbójú sókè wò mí. "Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi fún Ọlọ́run?"

Oníduru ló bá a parí rẹ̀, nítorí ojú ìyá kò lè rí ìwé mọ́. Olúwa ní òun yóò fún wọn ní ipò nínú ilé òun, àti orúkọ tó sàn ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ, orúkọ ayérayé tí a kì yóò ké kúrò. Ìyá fà á mọ́ra, ọmọ ọdún 26, ó ń sọ pé, "Dárí jì mí, igi tútù mi." Mo dìde, mo bọ́ sí ìta. Àwọn aládùúgbò ń lọta lọ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹkún mi fi tán.

Láti ibẹ̀ la ti lọ sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ń bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù, ìwé wòlíì Àìsáyà yìí kan náà ló ń kà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wò ó, omi nìyí, kí ni ó dá mi dúró láti baptísí?" Fílípì mọ Diutarónómì. Ó mọ ohun tí ìwé sọ pé ó dá a dúró. Kò sọ ọ́. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.

Mo padà sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú duru kékeré náà lórí itan mi, tó ṣì wà nínú ìró. Mo kọ lẹ́tà tèmi sí ìgbìmọ̀, mo yọ orúkọ mi kúrò. A jókòó lé e ní oṣù Kẹfà. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ Kátólíìkì ti yá mi ní ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn kí n mú un dání. Ìjọ tiwọn kò fara mọ́ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin rárá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2358 ìwé yẹn ní kí á gba irú àwọn èèyàn wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àánú àti ìfarabalẹ̀, kí á má sì fi àìṣòótọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo bi ìgbìmọ̀ pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi di orí ọmọ náà mú lóru ìsọ́. Mo tún sọ fún wọn nípa Exodus International ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti fi àdúrà àti ìmọ̀ràn yí irú wọn padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ọ̀gá wọn, Alan Chambers, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn ti pa lára, wọ́n sì ti ẹgbẹ́ náà pa. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé, nínú àwọn tí òun bá pàdé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yí padà. Ohun tí àwọn tó ni ín ti jù nù, àwa ń fi òróró ra á lórí.

Alàgbà tó ní ọmọbìnrin bi mí pé, "Ṣé Màmá Olùkọ́ ń sọ pé kí ó lọ fẹ́ ọkùnrin ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run wo ọkùnrin kan nínú ọgbà, ó ní kò dára kí ó nìkan máa gbé, kí ó tó dá Éfà. Bí ọmọ yìí bá rí ẹni tí yóò bá gbé pẹ̀lú òtítọ́ àti ìbẹ̀rù Olúwa, n kò ní ti ilẹ̀kùn mi mọ́ wọn. Pásítọ̀ ní òun kò lè bá mi dé ibẹ̀, pé ní ojú tirẹ̀, àdágbé láìgbéyàwó ni Ọlọ́run pè é sí. A kò fohùn ṣọ̀kan. Mo wá ka Jòhánù 6:37: "ẹni tí ó bá sì tọ̀ mí wá, èmi kì yóò ta á nù, bí ó ti wù kí ó rí." Mo ní kí wọ́n bá mi wo ìparí ẹsẹ náà. Bí ó ti wù kí ó rí.

Ẹni méjì bá mi yọ orúkọ wọn. Ẹni mẹ́rin kọ̀, pásítọ̀ wà lára wọn. Wọ́n gbà kí ó padà wá jókòó nínú ìjọ, kí ó sì jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Duru, rárá.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nítorí òdodo. Pásítọ̀ wa wọkọ̀ lọ sí Kétu ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó bẹ ọmọ náà níwájú ìyá rẹ̀ pé òun da àṣírí tó fi lé òun lọ́wọ́. Ó ní láti oṣù Kìíní, òun kò lè gba ìjẹ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìrántí rẹ̀. Oníduru sọ fún mi pé ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ sùn di ilẹ̀ mọ́.

Ó ti padà sí Àjàṣẹ́ báyìí, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, àga tó kẹ́yìn ló ń jókòó sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ló ń tẹ duru, ó ń sáré wọ ẹsẹ ìkẹyìn. Ìyá àgbà tí kò ríran yẹn bi mí nígbà kan pé, "Oníduru wa dà?" Mo ní ó wà lẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn. Ó yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì nawọ́. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó lóye pé ọwọ́ ọmọ náà ló fẹ́ dì mú.

Duru kékeré náà wà ní pálọ̀ mi. Ó máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun pẹ̀lú èèyàn méjì sí mẹ́ta tí wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè kọrin. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a tún ka Ìṣe 8. Nígbà tí mo dé òpin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní ìwẹ̀fà náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, tí ó ń yọ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí duru.

"Màmá, Fílípì ti lọ nígbà yẹn, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀mí Olúwa ti gbé e lọ.

"Nígbà náà, òun nìkan ló ń yọ̀ lójú ọ̀nà yẹn."

Mo wo àwọn tó wà ní pálọ̀. Mo ní kí ó fún wa ní ohùn orin, ó sì fún wa. Ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Lẹ́tà tí mo kọ nípa duru ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìkẹrin rẹ̀ nìyí.